Bí Mo Ṣe Ya Afẹ́fẹ́ fún Màmá Mi

Ẹni tí kò bá mọ kámẹ́rà í lò, bàgì rẹ̀ lẹ ó fi dá a mọ̀. Ọ̀gá báńkì kan ló fi èyí hàn mí. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, báńkì wọn ló gbé e láti Ìbàdàn wá sí Onitsha, ó sì ń gbé ní Trans-Nkisi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní Odoakpu, ó gbé bàgì awọ kan lé orí káńtà mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde. Búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń nu lẹ́ńsì. Rọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku. Gíláàsì pupa, gíláàsì yẹ́lò, gíláàsì aláwọ̀ ewé. Wáyà tí a fi ń tẹ kámẹ́rà láìfọwọ́ kàn án. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jẹ́ pé kí èèyàn méjì jọ gbé e ló dáa. Ti mítà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, ọrùn ló so ó mọ́ bíi tìrà. Kámẹ́rà gan-an ló jáde kẹ́yìn.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ tà wọ́n ni?"

"Rárá o, mà. Wọ́n ní bàbá yín ló ya gbogbo Odoakpu ní fọ́tò nígbà ayé wọn, wọ́n ní ẹ̀yin náà mọ kámẹ́rà àtijọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ mi ni."

Mi ò lè purọ́, kámẹ́rà náà wù mí. Irú ti bàbá mi gẹ́lẹ́ ni, àpótí dúdú onílẹ́ńsì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. A kì í gbé irú rẹ̀ sójú. Ikùn la ń gbé e sí, a ó tẹrí ba, a ó máa wo èèyàn nínú gíláàsì tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún, apá òsì lẹ ó ti rí i nínú gíláàsì yẹn. Ọ̀gá báńkì ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ya àkàbà tó fi ara ti ògiri òdìkejì, àkàbà náà ń sá fún un, òun náà ń lé e, ó ń fẹ̀yìn rìn, títí ó fi fi bàtà báńkì bọ inú abọ́ ìyá tó ń ta ọ̀kpá, mọ́ínmọ́ín àwọn Igbo, lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò sẹ́ni tó lè pàrọwà fún obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá báńkì san owó ọ̀kpá mọ́kànlá, kò sì jẹ ẹyọ kan.

Nígbà tó fara balẹ̀ tán, ó ní kí n jókòó kí òun ya èmi. Mo jókòó. Ó gbé mítà sún mọ́ imú mi. Ó kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Ó ṣí ojú lẹ́ńsì sí mẹ́jọ, ó ronú, ó yí i sí mọ́kànlá, ó tún ronú. Ó fi gíláàsì yẹ́lò bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Ó so wáyà mọ́ ọn, ó dá èémí dúró, ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà yẹn, ìdérí wà lójú lẹ́ńsì ìsàlẹ̀! Ti òkè ló ń wò, ti ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣí i láti ilé. Háà, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkùnkùn tẹ́ ẹ yà yìí á mọ́ dáadáa."

Ṣíọ̀. Bàbá mi ò ní mítà rí láyé wọn. Wọ́n á na ọwọ́ òsì wọn sínú oòrùn, wọ́n á wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà, wọ́n á mọ iye tí wọ́n máa ṣí ojú lẹ́ńsì sí. Wọ́n á ní "Bísímílàhì," wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ó parí. Láti Ìkìrun ni wọ́n ti gbé kámẹ́rà náà wá síbí nígbà tí wọn ò tíì ní ìyàwó. Nígbà tí wọ́n kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pín aago, wọ́n pín ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kámẹ́rà. Èmi obìnrin ni mo gbé e. Ẹ ò rí i pé mo ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀gá báńkì ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó gba yẹ̀yẹ́ náà mọ́ra, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Gbogbo Sátidé ló ń wá. Ó sì sọ fún mi pé àwọn kan wà tí wọ́n jọ ń ṣe é, dókítà eyín kan ní Nkpor, ẹnjiníà méjì, lọ́yà kan, àwọn èèyàn tí fóònù ọwọ́ wọn lè ya èèrà lórí òrùlé, tí wọ́n wá ń wá wàhálà kiri. Wọ́n máa pàdé létí odò Ọya lọ́jọ́ Sunday. Fíìmù kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò, fọ́tò méjìlá ló sì wà nínú ẹ̀. Wọn ò ní gé e. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Èkó, wọ́n á tẹ méjèèjìlá sórí bébà kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, gbogbo wọn á wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí wọ́n wo ẹni tí kò fi ọ̀kankan ṣòfò. Ó ní kí èmi náà wá. Ó fún mi ní fíìmù kan, ó ní owó ilé ẹ̀kọ́ òun nìyẹn.

Ó ti tó ọdún mélòó tí fíìmù ti kàn mí lọ́wọ́ kẹ́yìn! Mo gbé e sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata. Inú mi ń dùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi mí joyè, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni pé kò kàn mí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá mi ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìbàdí ń dùn wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi sì ti tún yàrá kan ṣe fún wọn ní Ìkìrun. Monday ni wọ́n máa lọ, wọn ò sì ní padà mọ́, gbogbo wa la mọ̀. Nǹkan kan péré ni wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n fẹ́ kí n fi kámẹ́rà bàbá mi ya àwọn àti Ìyá Ọ̀ọ́kán pọ̀.

Ìyá Igbo tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa là ń pè ní Ìyá Ọ̀ọ́kán. Pánla ni wọ́n ń tà kí ẹsẹ̀ wọn tó kọ ọjà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn àti Màmá ti jọ ń dáná ní ilé ìdáná kan náà. Àwọn ló fọ ìgbẹ́ mi nígbà tí Màmá ń tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóde iṣẹ́, àwọn ló kọ́ mi ní Igbo. Nígbà tí bàbá mi kú, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Àwọn méjèèjì ò sì ní fọ́tò kan pọ̀, nínú ilé tí fọ́tò ti ń rọ lọ́dọọdún! Fíìmù wà fún oníbàárà ni. Tiwa á di ọ̀la, á di ọ̀la, títí fíìmù fi tán nígboro, tí bàbá mi náà sì kú.

Mo ní, "Màmá, fóònù ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan ni."

Wọ́n ní, "Kámẹ́rà bàbá rẹ ni mo wí."

Mo ní mo gbọ́. Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń ka méjìlá. Bí mo bá yọ ọ̀kan fún àwọn arúgbó méjì yìí, ọ̀kan náà á wà láàárín bébà lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ́ ẹ, ìyá méjì lórí bẹ́ńṣì láàárín ọkọ̀ ojú omi àti bíríìjì. Dókítà eyín á wò ó, á ní "ó dára gan-an," bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ ilé ìwé. Ọlọ́run má jẹ́. Èmi tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé fọ́tò yíyà kì í ṣe bàgì gbígbé!

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rántí yíya afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ fọ́tò láyé ìgbà yẹn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá wà lóde ìnáwó, àwọn kan á já wọlé láìpè, ọmọ gáréèjì, ọ̀mùtí, wọ́n á to ara wọn síwájú yín, wọ́n á ní dandan kẹ́ ẹ ya àwọn. Bí ẹ bá kọ̀, ìjà dé. Kámẹ́rà tí kò ní fíìmù nínú lẹ ó gbé sí wọn, fláàṣì á bù yẹ̀rì, wọ́n á ní "correct!", wọ́n á lọ. Bàbá mi ń pè é ní yíya afẹ́fẹ́. Wọ́n á yà á tán, wọ́n á tún bi àwọn ajáwọlé náà bóyá wọ́n fẹ́ ẹ̀dà méjì.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ìyá méjèèjì múra. Màmá wọ léèsì funfun tí wọ́n wọ̀ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n lé tìróò. Ìyá Ọ̀ọ́kán ró jọ́ọ̀jì wọn, wọ́n kó iyùn sọ́rùn, wọ́n ti gbé bẹ́ńṣì sí ẹ̀yìnkùlé kí n tó dé. Mo gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀gá báńkì dúró, mo gbé kámẹ́rà lé e, mo so fláàṣì mọ́ ọn. Inú kámẹ́rà ṣófo. Mo na ọwọ́ sínú oòrùn bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe, mo ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ẹ wo ìwà ìbàjẹ́. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ lórí irin, mo gbé fóònù sókè, mo yà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá ní, "Kí lo ń fi fóònù ṣe?"

"Mò ń fi wọn ìmọ́lẹ̀ ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísìnyí nìyẹn."

"Bàbá rẹ kì í wọn ìmọ́lẹ̀."

"Ayé ti yí padà, Màmá. Ẹ gbórí sókè."

Mo tẹ kámẹ́rà. Fláàṣì bù. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Màmá wo ọwọ́ mi tó wà lára kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa Ìyá Ọ̀ọ́kán mọ́ra, wọ́n fi Igbo sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Mo tẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá Ọ̀ọ́kán dìde, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ní bàbá mi ò kú. Mo ní fíìmù á lọ sí Èkó, kí wọ́n ṣe sùúrù ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé fọ́tò fóònù yẹn, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, kí ni arúgbó fẹ́ mọ̀?

Ọjọ́ Sunday, mo gbé fíìmù lọ sétí odò. Ẹ bá mi wá ẹni tó rí mi lọ́jọ́ yẹn! Àwọn ọlọ́kọ̀ ń kó èrò, àwọn tó ń wa iyanrìn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bíríìjì pẹ̀lú ọkọ̀ tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bàgì ń to irin wọn, wọ́n ń fi mítà wọn odò, wọ́n ń jiyàn lórí gíláàsì pupa. Èmi na ọwọ́, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Kí lọ́yà tó yọ ìdérí rẹ̀, mo ti ya mẹ́rin. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń ní "Mummy, how you take do am?" Mo ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí kò ní àkókò. Inú mi dùn débi pé orin ń bọ́ lẹ́nu mi délé.

Àárọ̀ Monday, mo sin Màmá dé gáréèjì Upper Iweka. Wọ́n jókòó sí iwájú bọ́ọ̀sì, lẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Mo ra omi àti búrẹ́dì fún wọn, mo dúró nísàlẹ̀, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn. Wọ́n gba omi náà.

Wọ́n ní, "Fíìmù yẹn dà?"

"Èwo, Màmá?"

"Èyí tí o ò fi sínú kámẹ́rà lọ́jọ́ Jímọ̀."

Mo ní mo fi í sí i o, mo búra. Wọ́n jẹ́ kí n búra tán.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé oúnjẹ nìkan ni mo ń gbé tẹ̀ lé bàbá rẹ lọ sóde? Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, fèrèsé pupa kékeré yẹn, títí nọ́ńbà tó kàn á fi yọ síbẹ̀. Bí wọn ò bá yí i, fọ́tò méjì á gun ara wọn. Ìwọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O ò yí nǹkan kan. O ò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ lo yà fún mi."

"Màmá, mo fi fóònù yà yín. Ó dára, ó tilẹ̀ dára ju—"

"Ṣé fóònù ni mo bẹ̀ ọ́? Fíìmù yẹn dà?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní mo ti lò ó létí odò. Méjèèjìlá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta iṣu.

Wọ́n ní, "Àwọn tó já wọlé láìpè ni bàbá rẹ ń ya afẹ́fẹ́ fún. Ẹni tó bá wẹ̀, tó wọ aṣọ rẹ̀, tó jókòó síwájú wọn, ebi ì báà máa pa wọ́n, wọn ò ṣe é fún un rí. Orí èmi ìyá rẹ lo ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn, Màmá?"

"Kí n tú ọ síhòòhò lójú ẹni tó fọ ìgbẹ́ rẹ?"

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè. Màmá gbá ìbòrùn wọn mọ́ra, wọ́n kọjú síwájú. Mo na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún mi pàápàá, ọkọ̀ sì gbéra lọ sọ́nà bíríìjì. Mo pe ọ̀gá báńkì lójú ẹsẹ̀ nínú gáréèjì náà, mo ń bẹ̀ ẹ́ bí alágbe pé kó fún mi ní fíìmù kan. Ó ní kò sí mọ́ mà, ó dìgbà tí òun bá lọ sí Èkó. Kí ni mo tilẹ̀ fẹ́ fi fíìmù ṣe? Àwọn méjèèjì ò ní jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà mọ́.

Láràárọ̀ tí mo bá ń jáde ni Ìyá Ọ̀ọ́kán ń bi mí, "Foto anyị kwanu?" Fọ́tò àwọn ńkọ́? Mo ní Èkó. Lọ́sẹ̀ kejì, bébà odò dé. Méjèèjìlá ló mọ́ kedere. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní Trans-Nkisi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá báńkì fi mẹ́sàn-án ṣòfò, kò tijú, ó ń fi hàn kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tó mọ́ nínú tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni, níbi tó ti ń bu omi sẹ́sẹ̀ létí odò. Èmi ò ní ẹnì kan tí mo mọ orúkọ rẹ̀ nínú méjìlá tèmi. Àwọn ọlọ́gbọ́n, ẹ kú ọgbọ́n o.

Kò wá sí àwáwí mọ́. Mo tẹ fọ́tò fóònù yẹn ní dúdú àti funfun sórí bébà tó nípọn. Mo gbé ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń gé etí fọ́tò bí eyín ayùn, mo gé etí rẹ̀ yí ká. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é. Mo gbé e lọ fún Ìyá Ọ̀ọ́kán.

Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbà á. Wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀. Wọ́n gbé e mọ́ àyà. Wọ́n pe gbogbo ará ilé jáde, wọ́n ń sọ fún wọn pé ẹ wò ó, kámẹ́rà bàbá ọmọ yìí ló yà á, kì í ṣe ti fóònù, ẹ wo etí rẹ̀. Wọ́n ní kí n pe Màmá kíá. Mo pè wọ́n, mo ṣí ohùn fóònù síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ìyá Ọ̀ọ́kán pariwo sí i pé fọ́tò ti dé, wọ́n ní bàbá àwọn ọmọ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́run, wọ́n ní ṣé kámẹ́rà yẹn náà kọ́ ló yà á.

Mo na fóònù síwájú. Gbogbo ilé ń dúró. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló kù kí n di ẹni ẹ̀gàn lójú obìnrin yìí, ó sì tọ́ sí mi.

"Ọ bụ kamera di m," ni Màmá wí. Kámẹ́rà ọkọ àwọn ni. Wọ́n tún un sọ, kí ẹni tí kò gbọ́ lè gbọ́. Ìyá Ọ̀ọ́kán bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn, wọ́n wọlé lọ wá ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́.

Màmá ní kí n gbé fóònù sétí. Mo gbé e.

Wọ́n ní, "O kú iṣẹ́ o," wọ́n sì pa á kí n tó lè dáhùn.